Ibo gan-an ni wọ́n ti ń ṣe fàájì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tẹ́lẹ̀? Ẹ wá sọ̀rọ̀

Ọmọ_Accron
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Faransé ní oṣù kíní, wọn ò dé Àjàṣẹ́ rí, ọmọ tó ti ń bàlágà ni gbogbo wọn, àwọn tó jẹ́ pé tó o bá fẹ́ kí ojú wọn kúrò lórí fóònù, nǹkan gidi lo gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n. Èmi náà Kútọ̀nu ni mò ń gbé báyìí, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìlú yín yẹn, ìlú tó ń sùn ni, alẹ́ ò tí ì lẹ́ gbogbo yín ti ti ilẹ̀kùn. Mo máa mú wọn dé Honmè, ààfin ọba àtijọ́, mo máa mú wọn dé múzé da Silva, ìyẹn ti yé mi. Àmọ́ múzé lásán ò tó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí àwọn bàbá wa ti ń jó, ibi tí wọ́n ti ń wo sinimá, ibi tí ọdún ti ń bọ́ síta, èwo ló ṣì wà, èwo ló ti kú. Àti pé ọdún wo lèèyàn lè bá níbẹ̀ ní oṣù kíní? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má darí mi sí Ouidah o, láti 2024 tí wọ́n ti gbé ọdún Vodun Days yẹn dé, Ouidah ti kó gbogbo ayé lọ.

Zém_Àjàṣẹ́
Ta ló ní à ń sùn? Èmi tí mò ń wa zém (ọ̀kadà) títí aago méjì òru, òkú ni mò ń gbé? Sọ fún àwọn ará Kútọ̀nu yẹn kí wọ́n wá sí Catchi ní alẹ́ Sátidé, ká wò ó bóyá wọ́n á ríbi gbé mọ́tò wọn sí. Àmọ́ ìbéèrè ẹ dáa o, èmi náà fẹ́ gbọ́. Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ ilé sinimá kan tí kò ní òrùlé, tí òjò bá dé kálukú á gbé àga borí, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé torí fíìmù Íńdíà ò tí ì parí. Mi ò mọ ibi tó wà.

Tísà_Àgbà
Ọmọ_Accron, o kú ìbéèrè. Kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí yé ẹ: ní Àjàṣẹ́, má wá ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ibi eré nìyí. Ojúde ni ibi eré wa. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìnkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéyàwó, tí ilẹ̀ bá wá ṣú tí wọ́n gbé ìlù síta, ibẹ̀ náà ni tíátà. Ìwọ tó o pe ara ẹ ní ọmọ Accron, ṣebí àdúgbò yín ni Aborí Mẹ́sàn-án wà, tí wọ́n ń kọ ní Abessan, ibi tí ìtàn ní àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ti pàdé ẹbọra olórí mẹ́sàn-án, kó tó di pé Tè-Agbanlin dé láti Allada wá tẹ ìjọba tiẹ̀ dó. Ojúde tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iwájú ilé yín ló wà, o sì ń wá ibi tó o máa mú ọmọ lọ!

Tàwọn òyìnbó náà wà. Àjàṣẹ́ ni olú ìlú wọn nígbà kólónì, Bayol sì ni pápá wọn. 14 oṣù keje ni ọdún ńlá wọn, ìwọ́de sọ́jà láàárọ̀, lẹ́yìn náà eré fún àwa ará ìlú, wọ́n á ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọṣẹ pa á láti òkè délẹ̀, wọ́n á so adìyẹ, aṣọ, ìgò ọtí sórí ẹ̀, ẹni tó bá gùn ún débẹ̀ ló ni ín. Mo rí àwọn tí wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ òpó bọ́ lu ara wọn tí gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín. Ní etí ọ̀sà, àwọn apẹja á fi ọkọ̀ díje, àwọn ará Aguégués sì ni wọ́n sábà máa ń gba ipò kíní torí orí omi ni wọ́n bí wọn sí, kí lẹ fẹ́ bá wọn dù? Nígbà tí òmìnira dé ní 1 oṣù kẹjọ 1960, òpó yẹn náà la tún gùn, àsíá lásán ni wọ́n pààrọ̀.

Sinimá tí Zém ń wí, kì í ṣe ẹyọ kan. Ògiri mẹ́rin, èyí tó wà níwájú wọ́n kùn ún ní ẹfun, bẹ́ǹṣì gbọọrọ fún àwa tálákà, àga tó ní ìfẹ̀yìntì fún àwọn ọ̀gá, òkè ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀. Fíìmù Íńdíà, fíìmù kàráté, fíìmù kọ́bọ́ì. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó gbọ́ Híńdì, gbogbo wa la sì mọ orin wọn lórí. Ẹni tí kò lówó á gun igi máńgòrò lẹ́yìn ògiri, aṣọ́nà á máa ju òkò sí wọn, òkò á máa bọ́ sórí àwa tá a sanwó. Nígbà tí Rẹfolúṣọ̀n Kérékou dé, ìjọba gba ilé sinimá lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, lẹ́yìn ìyẹn vídíò dé, kálukú jókòó sílé ẹ̀, ó tán. Àwọn kan ti di ibi ìkó-sìmẹ́ǹtì, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Máa mú àwọn ọmọ ẹ kọjá níbẹ̀ o, má mú wọn wọlé, wọ́n á gba ọrẹ lọ́wọ́ yín.

Zém_Àjàṣẹ́
Bàbá ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂😂 òkò bọ́ sórí ẹni tó sanwó!

Tàntí_Wàńdó
Ẹ kú ìrántí bàbá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa ṣe bíi pé tàtijọ́ nìkan ló dáa. Nígbà tí wọ́n ṣe Fẹ́sìtífà Màsíkì (ọdún eégún) àkọ́kọ́ ní oṣù kẹjọ 2024, mo gbé àtàsì (ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà) síta láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí ìkòkò ti gbẹ, mo ní kí ọmọ sáré lọ sílé lọ gbé ìrẹsì míì kaná. Egúngún, Zángbétò, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Burián, gbogbo ẹ̀ ló jáde sójú kan, kò sẹ́ni tó ní ká sanwó. Àwọn ọmọ mi tí mo bí sí Àjàṣẹ́ níbí ò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí àfi lọ́jọ́ náà. Ojúde tí bàbá ń wí yẹn, tó ò bá jẹ́ ọmọ agbo ilé yẹn, ta ló máa pè ẹ́? Wọ́n á kàn gbé ìlù, ìwọ á wà nínú yàrá ẹ lọ́nà Wàńdó o ò ní mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu
Tàntí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ti àtàsì mo gbà fún yín, owó dáa. Àmọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ọmọ yín rí, orí ẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ara ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí ní Kétu. Òru ni, ojú ọjà ni, kì í ṣe lábẹ́ àtíbàbà tí míníísítà jókòó sí. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú. Onílù ti jókòó, àwọn elégbè ti dúró, àwọn kan nínú àwọn tó gbé igi lórí á kọ́kọ́ yọ wá gbálẹ̀ wá tún ojú agbo ṣe, Tètèdé á jáde, obìnrin ni àwòrán ẹ̀ ṣùgbọ́n ọkùnrin ló gbé e, òun ló máa fi orin pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ síta. Tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá yọ, á kọ́kọ́ júbà, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà òrìṣà, á júbà Alákétu àti àwọn àgbà, ìbà yẹn nìkan lè gùn ju gbogbo ohun tí ẹ wò lójú pódíyọ̀m lọ. Lẹ́yìn ìbà ló máa wá kan àwa aráyé. Ẹni tó jí ewúrẹ́, á kọrin mọ́ ọn. Ọkọ tó fi ìyàwó sílẹ̀ lébi tó lọ ń ra bíà fún ẹlòmíì, á kọrin mọ́ ọn. Olóṣèlú tó ṣèlérí omi ẹ̀rọ, ìyẹn á gba tiẹ̀ gùn. Ẹni tọ́rọ̀ kàn wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tipátipá, kò sì gbọdọ̀ bínú torí àwọn ìyá ló ni ẹnu tí Ẹ̀fẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Ó di kí ilẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra ẹ̀ wá ń bẹ̀rẹ̀, méjìméjì ni wọ́n máa ń jáde, irin tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá ìlù mu ṣáṣá, tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan, àwọn obìnrin tó wà létí agbo á ti mọ̀.

UNESCO mú un ní 2001, wọ́n fi sínú ìwé ẹ̀ ní 2008, ó dáa, àmọ́ wọ́n mú un torí orin àti òru yẹn. Ẹ wá gbé e sórí pódíyọ̀m, ẹ ní kó jó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó kúrò kí àwọn tó kàn gùn ún. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran, ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo lòpin ìran?

Zém_Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n ẹ rọra o, àwọn ẹgbẹ́ tó lọ jó níbẹ̀, ṣé wọ́n fi ìbọn kó wọn lọ ni? Ṣebí wọ́n rówó mọ́tò, wọ́n róúnjẹ, orúkọ wọn sì hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu
Mi ò bínú sí wọn rárá, igi tí wọ́n ń gbẹ́ owó ni, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ owó ni. Àwọn tó ṣe pòrógíráàmù ni mò ń bá wí. Bí wọ́n bá lè fún àwọn olórin Kútọ̀nu ní wákàtí mẹ́rin láti kọ orin, ẹ fún Ẹ̀fẹ̀ ní òru kan ṣoṣo. Òru kan! Ẹ pa iná, ẹ gbé ẹ̀rọ sònó kúrò, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn.

Tàntí_Wàńdó
Tí wọ́n bá pa iná, báwo ni mo ṣe máa mọ owó tí wọ́n fún mi?

Tísà_Àgbà
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ọmọ àná ló pọ̀ níbí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń bọ́ síta láìbẹ̀rù. Nígbà Rẹfolúṣọ̀n, ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gbógun ti àwọn tí wọ́n ní àjẹ́ ni wọ́n àti àwọn aláwo, ọ̀pọ̀ ojúde ló dákẹ́, wọ́n gé igi òrìṣà níbòmíì. Àwọn onífàájì alẹ́ náà ò jẹ̀gbádùn. Ẹ ti gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo, Kútọ̀nu ni wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ ní 1968, tí wọ́n bá ti ní wọ́n ń bọ̀ wá ṣeré ní bùfẹ́ẹ̀tì (ilé ọtí) kan ní Àjàṣẹ́ níbí, láti ọ̀sán la ti ń lọ aṣọ, ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò, bàtà gíga. Ọ̀sán Sunday ni tàwa akẹ́kọ̀ọ́, torí ìyá kankan ò ní jẹ́ kí ọmọ òun jáde lálẹ́. Ó di 16 oṣù kíní 1977 tí àwọn sọ́jà àgbàṣe tó fẹ́ gbàjọba sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọ̀nu, láti ọjọ́ náà lọ ẹ̀rù òru ba gbogbo èèyàn, bùfẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí di aago méjì ti ń tilẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án. Bóyá ibẹ̀ ni àwọn ará Kútọ̀nu ti kọ́ pé à ń sùn, àwọn náà sùn o!

Ìgbà Ààrẹ Soglo ni nǹkan tú. Ọdún Vodun Ouidah 92 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, oṣù kejì 1993 gan-an ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn ẹ̀ ni 10 oṣù kíní wá di ọjọ́ ìsinmi fún àwọn oníṣẹ̀ṣe. Nítorí náà tí mo bá rí Zángbétò lórí títì láàárín ọ̀sán tí àwọn ọmọ ń sá tẹ̀lé e, inú mi kì í bàjẹ́ bíi ti Ẹ̀gbọ́n_Kétu. Mo ti rí ìgbà tí kò jáde rárá.

Akọrin_Katidírà
Ẹ jọ̀ọ́ ṣé kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Adjogan ni? Ìyẹn gan-an ni eré ààfin Àjàṣẹ́, kò sí níbòmíì. Àwọn olorì ló ń ṣe é fún ọba ní Honmè, wọ́n á di ọ̀pá irin mú, ọ̀pá tó ní òrùka irin lára, alounloun lorúkọ ẹ̀, wọ́n á máa fà á wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n sísàlẹ̀ sókè, ohùn ẹ̀ máa ń wọ ara. Wọ́n ní láti ara ọ̀pá àṣẹ Tè-Agbanlin ló ti wá. Tí àwọn ọmọ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, má dúró de ọba, mú wọn wá sí máàsì. Àwa Kátólíìkì ti gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, ẹyẹ ọba tó wà lórí ọ̀pá la yọ, a fi àgbélébùú sí i. Ìyá mi àgbà ò fẹ́ràn ẹ̀ o, ó ní ohun ọba la jí gbé, àmọ́ òun náà máa ń mi èjìká tó bá dé ibi òfàtóórì.

Ọmọ_Accron
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Tísà, ojú tì mí fún ti Abessan, iwájú ilé bàbá wa ló wà lóòótọ́, mo máa ń gbabẹ̀ kọjá lọ ra búrẹ́dì. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ti oṣù kíní. Tẹ́lẹ̀ FIP (Fẹ́sìtífà Àgbáyé Àjàṣẹ́) la mọ̀, oṣù kíní ni wọ́n máa ń ṣe é, ní báyìí oṣù kẹjọ ni gbogbo nǹkan sún lọ. Kí ló kù?

Àgùdà_Kejì
Tiwa ló kù! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ tí wọn ò rántí Àgùdà. Oṣù kíní ni ọdún Bonfim. Ọ̀gá wa Olúwa ti Bonfim, láti Bahia ni àwọn bàbá ńlá wa ti gbé e bọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà láti oko ẹrú. Alẹ́ tó ṣáájú, ìwọ́de ni, a ó gba títì pẹ̀lú orin àti ìlù, àárọ̀ Sunday máàsì, lẹ́yìn máàsì a ó jọ jẹun, ilé dà Silva, ilé Paraiso, ilé do Rego, gbogbo orúkọ tó ní “da” àti “do” lẹ máa rí níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wa náà máa ń wá torí ẹbí ò pín. Ìgbà yẹn ni Burián máa jáde: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ìyá eré, ẹni tó wà nínú ẹ̀ á máa jó bíi pé ó gùn ún, màlúù náà wà, Màmíwọ́tà wà, òmìrán ọkọ àti òmìrán ìyàwó tí orí wọn kan òrùlé. Ìlù sámbà onígun mẹ́rin la fi ń lù ú, orin Potogí la ń kọ. Ẹ má bi wá pé kí ni orin ń wí, ìyá mi kọ ọ́ kú láìmọ ìtumọ̀ ìdajì ẹ̀, èmi náà ti ń kọ́ ọmọ mi.

Àwọn ọmọ Faransé ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀ torí kò sí awo kankan níbẹ̀, wọ́n lè ya fótò, wọ́n lè jó, wọ́n lè fọwọ́ kan kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Tí wọ́n bá wá wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá àtijọ́ lẹ́yìn náà, á yé wọn. Àwọn tó padà láti Brazil ló kọ́ ọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni.

Ọmọ_Badagry
Ẹ kú àsìkò yìí ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, láti òdìkejì ni mo ti ń kà yín. Burián yẹn, ní Pópó Àgùdà l’Ékòó náà wọ́n máa ń gbé màlúù jáde, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ìbéèrè tèmi: ṣé ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gba ọ̀sà láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ yín tààrà? Ìyá bàbá mi ní àwọn máa ń wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù ọjà, wọ́n á kọrin títí wọ́n á fi gúnlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀. Ó ní ọ̀nà yẹn gan-an ni fàájì, kì í ṣe ibi tí àwọn ń lọ.

Zém_Àjàṣẹ́
Omi ṣì wà níbẹ̀ bọ̀dá, àmọ́ dúwáàní (kọ́sítọ́ọ̀mù) náà wà níbẹ̀ 😄 Gba títì wá, Sẹ̀mẹ̀, Àjàṣẹ́, ó tán. Tó o bá fẹ́ wọkọ̀ omi dandan, tó o bá dé ibí, etí ọ̀sà ni kó o lọ, wọ́n á gbé ẹ dé Aguégués tàbí kó o lọ sí odò dúdú Àjárá, inú igi ni ọkọ̀ ń gbà kọjá, ó tutù dáadáa. Ọjọ́ ọjà Àjárá ni kó o lọ o, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìlù, gbogbo ìlù tí ẹ rí tí wọ́n ń lù ní Àjàṣẹ́ níbí, kó o lọ wo bí wọ́n ṣe ń fa awọ sí i lẹ́bàá títì. Dá owó ọkọ̀ kó o tó wọlé, má dúró di àárín omi.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀sà, ẹ ní ọba, ẹ ní Àgùdà, ẹ ṣì ń ráhùn. Lọ́dọ̀ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ibùdó rélùwéè ni ibi fàájì wa tẹ́lẹ̀. Tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Parakou bá ti fọn fèrè, gbogbo ìlú ló ń sáré lọ, ẹni tó ní nǹkan tà lọ, ẹni tí kò ní náà lọ, kó lè wo aṣọ àwọn ará Kútọ̀nu láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ èrò ti dáwọ́ dúró, ilé ibùdó náà ṣì dúró síbẹ̀ ó ń wo àpáta, àpáta ń wò ó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lọ́dọ̀ wa náà o, kí Ẹ̀gbọ́n_Kétu má rò pé tiwọn nìkan ni. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé omi Ouémé tó ń dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn òjò, ẹ̀gbẹ́ wa ló kọ́kọ́ gbà kọjá, ẹ máa kí wa.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu
Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la jẹ́, mi ò ní bá ẹ jà lójú àlejò. Wá sí Kétu, màá mú ẹ dé Àkàbà Ìdènà, ká wá mọ ẹni tó ní ìtàn. Dàhọ̀mì fọ́ ìlú wa pátápátá ní 1886, wọ́n kó èèyàn lọ, Ẹ̀fẹ̀ padà wá sójú ọjà náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa bínú sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tàntí_Wàńdó
Ọmọ_Accron, kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ ìyá. Àwọn ọmọ yẹn àti fóònù wọn. Burián, wọ́n lè yà á, Àgùdà ti sọ ọ́. Zángbétò tó bá jáde lọ́sàn-án lórí títì, kò sí wàhálà, àmọ́ kí wọ́n má sún mọ́ koríko ara ẹ̀ o, tí ẹ bá rí i tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ láti fi inú ẹ̀ hàn, kí wọ́n dúró síbi tí gbogbo èèyàn dúró sí. Èyí tó bá jáde lóru, iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe, ẹ wọlé. Egúngún ní pàṣán, ẹ̀yin náà sì mọ̀, kì í bi ẹni tó ń nà pé ṣé láti Parisi lo ti wá. Tí ẹ bá gbọ́ pé Orò ń bọ̀, ní Sákẹ́tẹ́ tàbí níbikíbi, kí àwọn ọmọbìnrin wà nínú ilé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ obìnrin, màá bá a jiyàn ẹ̀ lọ́jọ́ míì, lọ́jọ́ Orò mo wà ní yàrá.

Ọmọ_Accron
Haa tàntí, ẹ ṣé. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣe fídíò fún TikTok, mo máa gba fóònù ẹ̀ pamọ́ ni.

Bó ṣe rí nìyí, ẹ bá mi wò ó. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojúde Abessan láàárọ̀ pẹ̀lú bàbá kan tó mọ ìtàn, lẹ́yìn náà Honmè, ọ̀sán Ọgbà Igi, mo gbọ́ pé igbó òrìṣà ni kí òyìnbó tó sọ ọ́ di ọgbà, ìrókò ńlá wà níbẹ̀, èèyàn á lè jókòó. Ọjọ́ kejì Àjárá àti odò dúdú. Ọjọ́ tó bá bá Bonfim mu, alẹ́ Sátidé ìwọ́de, Sunday máàsì (Adjogan!), lẹ́yìn náà Burián. Láàárín ẹ̀, mo fẹ́ fi àwọn ojúde vodun tí àwọn ilé àṣà Ouadada tún ṣe hàn wọ́n, wọ́n ya àwòrán sára ògiri ibẹ̀, ó ń fa ojú ọmọdé. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun náà, èyí tí Francis Kéré yàwòrán ẹ̀ bíi igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, a ó wò ó láti ìta.

Tísà_Àgbà
Ó dáa. Yọ Ilé Aṣòfin kúrò, ọmọdé ò fẹ́ wo ilé tí wọn ò lè wọ̀. Dípò ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mú wọn jókòó sí ojúde agbo ilé yín fúnra yín, kí ẹ gbé ìlù méjì síta. Má kéde. Tí o bá rí i pé àwọn aládùúgbò ò wá láàárín wákàtí kan, wá bá mi, màá san owó ọtí.

Àgùdà_Kejì
Bàbá Tísà ń fi sọ́dábì (ògógóró) dá ọgbọ́n 😂 Ọmọ_Accron, kọ nọ́ńbà ẹ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n bá ti mú ọjọ́ Bonfim, màá sọ fún ẹ, torí ọjọ́ rẹ̀ máa ń yí díẹ̀ lọ́dọọdún.

Zém_Àjàṣẹ́
Èèyàn mélòó ni wọ́n? Zém kì í gbé ju ẹnì kan lọ ní òfin, ní ìṣe méjì, ní ọjọ́ ọdún mi ò sọ̀rọ̀.

Tàntí_Wàńdó
Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ sí ìwọ́de. Mo wà ní ọ̀nà ọjà Wàńdó láàárọ̀, ẹ béèrè tàntí alátàsì tó máa ń di gèlè pupa, àtàsì mi kì í tó aago mẹ́wàá kó tó tán. Ẹ̀gbọ́n_Kétu tó bá wá, ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n kó wá lọ́sàn-án tí iná wà.